Mọ́tò Tó Ń Jí Lówùúrọ̀, Tó Ń Kọ̀ Lọ́sàn-án

Nínú gbogbo ẹjọ́ tó ń dé ọgbà mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì kọ́ ló le jù. Ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì ń pariwo. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó ń mú ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ káwọ́ lérí ni mọ́tò tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọgbà, tí wọ́n pa, tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó sì jí lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó ni ín ń búra pé lánàá, nílé epo, kò jí rárá. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sú wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ó ṣàdédé gbà. Mẹkáníìkì ní òun ò rí nǹkan kan. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ìnáwó ló sábà máa ń tẹ̀lé e. Wọ́n á ní bátìrì ni, wọ́n á ra tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó tún kọ̀. Wọ́n á ní kíìkì sítátà ni, wọ́n á gbé tòkunbọ̀ wá láti ọjà Ládípọ̀. Ó tún kọ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, pọ́ǹpù epo, gbogbo wọn á gorí ara wọn, owó á máa lọ. Nígbà tó bá yá, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá ọwọ́ ayé ni. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń dá mọ́tò náà dúró lè jẹ́ orí bátìrì tí kò dì dáadáa, tàbí bàbà pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná lọ.

Ohun tó bà jẹ́ nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò tíì já tán ni. Ó ń fara kan ara nígbà mìíràn, ó ń yà nígbà mìíràn. Nǹkan mẹ́rin ló sì máa ń pinnu èyí tí yóò ṣe: ooru, gbígbọ̀n, omi, àti bí iná tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá ń wá a nígbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́ geere dà bí ẹni tó ń wá olè nínú ilé tí olè ti jáde. Àkókò tó kọ̀ gan-an ni ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹrù. Lákòókò náà, mẹkáníìkì kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ni mọ́tò ló wà níbẹ̀. Ohun tó bá rí, tó bá gbọ́, tó sì rántí sọ, ló máa ń la ọ̀nà fún oníṣẹ́.

Ṣé ẹ́ńjìnnì yí, àbí kò yí?

"Mọ́tò mi ò sítáàtì" jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo fún àìsàn méjì tí kò bá ara wọn tan. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò mira: yálà gbogbo nǹkan dákẹ́, tàbí "kọ́" kan dún, tàbí "tà-tà-tà-tà". Nínú ti èkejì, ẹ́ńjìnnì ń yí, rùrùrùrù, ṣùgbọ́n kò gbà. Àwọn ohun tó ń fa ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ti èkejì pàdé níbì kankan. Ẹni tó bá ra pọ́ǹpù epo nítorí mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yí ti fi owó rẹ̀ tọrẹ.

Títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jí mọ́tò. Awakọ̀ á ki irin kan bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, á máa yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà lójijì, irin náà lè ṣẹ́ ẹ lápá. Charles Kettering, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ló gba awakọ̀ lọ́wọ́ ewu yẹn: Cadillac gbé sítátà oníná rẹ̀ sínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọdún 1912. Ohun tí sítátà náà ṣe nígbà yẹn ni tiwa ṣì ń ṣe lónìí. Á gba iná tó pọ̀ gan-an lọ́wọ́ bátìrì fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, á sì fi yí ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbà.

Kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló ń gbé iná ńlá yẹn. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà tóóró bẹ̀rẹ̀ láti ibi kọ́kọ́rọ́. Ó gba ibi súìṣì tó ń wò bóyá jíà wà ní P tàbí N, ó gba inú rìléè, ó dé ọ̀dọ̀ solenoid tó jókòó sórí sítátà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó ní kí solenoid ṣílẹ̀kùn lọ. Ọ̀nà gbòòrò ni wáyà ńlá tó ti orí bátìrì lọ tààrà sí sítátà, pẹ̀lú wáyà áàtì tó so bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kí iná lè rí ọ̀nà padà sílé. Ibi yòówù kí ọ̀kan nínú méjèèjì ti já, ẹ́ńjìnnì kò ní yí.

Ọ̀nà wà láti mọ èyí tó já láìlo irinṣẹ́ kankan. Kí wọ́n tan iná iwájú mọ́tò, kí ẹnì kan dúró síwájú rẹ̀, kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá ṣókùnkùn gidi, bátìrì ti rẹ̀ tàbí kí orí rẹ̀ má dì dáadáa. Bí iná bá ṣì mọ́lẹ̀ kedere tí wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan, a jẹ́ pé àṣẹ kò dé ọ̀dọ̀ solenoid. Ọ̀nà tóóró ló já. Bí iná bá mọ́lẹ̀, tí "kọ́" kan ṣoṣo sì dún láti abẹ́ bọ́ńnẹ́ẹ̀tì, àṣẹ dé, sítátà ni kò jẹ́ ẹ.

Fèrè ń dún kò ní kí bátìrì dáa

Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, máa ń wà ní nǹkan bíi fọ́ótì 12.6 lórí mítà. Bó bá wà ní 12.2, ó ti dé ìdajì. Nígbà tí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì, kò yẹ kó já wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, yẹ kó gbé e dé nǹkan bíi 13.8 sí 14.5. Ooru ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí bátìrì pẹ́ láyé, nítorí náà kò burú kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó. Ohun tó burú ni kí wọ́n rà á láìwọ̀n ọ́n.

Àwọn awakọ̀ a máa sọ pé, "Bátìrì mi dáa, fèrè ń dún, rédíò ń kọrin." Ìṣirò kékeré kan á fi hàn pé ẹ̀rí yẹn kò tó. Ká ní ìpẹtà ti wà láàárín orí bátìrì àti wáyà rẹ̀, tó sì ń dí iná lọ́wọ́ ní ìwọ̀n ohm 0.02 péré. Rédíò tó ń lo áńpíà 5 kò ní pàdánù ju fọ́ótì 0.1 lọ níbẹ̀. Kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n sítátà ọkọ̀ kékeré lè fa áńpíà 150. Ó máa pàdánù fọ́ótì 3 lójú kan náà. Bátìrì tó kún dáadáa á wá dà bí èyí tó ti kú, kìkì nígbà tí wọ́n bá ní kó yí ẹ́ńjìnnì.

Ìdí nìyẹn tí rewáyà (oníṣẹ́ iná mọ́tò) tó mọṣẹ́ kì í fi wọn wáyà nígbà tí mọ́tò bá dákẹ́. Á fi ẹnu mítà kan lé orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì fúnra rẹ̀, á fi èkejì lé ara ẹ́ńjìnnì, á wá ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Bí ohun tó bá hàn níbẹ̀ bá fi púpọ̀ ju fọ́ótì 0.2 lọ, ọ̀nà áàtì ń jẹ iná. Ní ọ̀nà tó lọ sí sítátà, kò yẹ kó ju nǹkan bíi 0.5 lọ. Ìwọ̀n yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ bátìrì tí kò nílò. Àtúnṣe rẹ̀ kì í sábà náni lówó: kí wọ́n tú orí bátìrì, kí wọ́n fọ ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀, kí wọ́n dì í padà títí ọwọ́ ò fi ní lè mì í. Ìṣó tí àwọn kan ń há sí i kì í ṣe àtúnṣe. Bí ọ̀nà bá ti gbọn mọ́tò díẹ̀, ó tún ti yà.

Sítátà Denso, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Toyota tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1990 àti 2000, ní ìtàn tirẹ̀, àwọn oníṣẹ́ káàkiri ayé sì mọ̀ ọ́n. Nínú solenoid rẹ̀, bàbà kékeré méjì wà tí irin kan ń lọ bá kí iná ńlá lè kọjá. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, iná á jẹ díẹ̀ lára bàbà náà. Lọ́jọ́ kan, irin náà kò ní lè fara kan bàbà méjèèjì dáadáa mọ́. Awakọ̀ á yí kọ́kọ́rọ́, "kọ́". Á tún un yí, "kọ́". Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, mọ́tò á jí bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Láàárín oṣù mélòó kan, ẹ̀ẹ̀kẹfà á di ẹ̀ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí wọ́n bá fi sípánà gbá ara sítátà díẹ̀ tó sì jí, ẹ̀rí ń pọ̀ sí i. Oníṣẹ́ lè tú u, kó pààrọ̀ bàbà yẹn nìkan, iye rẹ̀ kò sì ní dé ẹ̀gbẹ́ owó odidi sítátà. Ẹni tó bá lọ ra tòkunbọ̀ dípò rẹ̀ lè gbé èyí tí bàbà tirẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán wálé.

Ní ti ọ̀nà tóóró, ìdánwò rẹ̀ kò le. Bí mọ́tò kò bá jí ní P, kí wọ́n gbé jíà sí N, kí wọ́n tẹ bíréèkì, kí wọ́n tún gbìyànjú. Bó bá jí ní N léraléra, súìṣì jíà ló yẹ kí wọ́n wò. Ọkọ̀ tó ń lo bọ́tìnì dípò kọ́kọ́rọ́ kò ní jí bí súìṣì ẹsẹ̀ bíréèkì kò bá sọ fún un pé wọ́n ti tẹ bíréèkì. Kí ẹnì kan lọ wo ẹ̀yìn bóyá iná bíréèkì ń tàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rìléè fèrè àti rìléè sítátà jẹ́ irú kan náà. Wọ́n lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni.

Ó ń yí, kò gbà

Ẹ́ńjìnnì tó ń yí tí kò gbà ń fẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta: epo, iná pọ́lọ́ọ̀gì, tàbí ìròyìn tó ń sọ fún brain box (ẹ̀rọ tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ìgbà tó yẹ kó fi epo àti iná náà ránṣẹ́.

Epo ni etí lè kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ sí On láìtíì sítáàtì, pọ́ǹpù inú táǹkì á kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ẹni tó bá ti mọ ohùn yẹn lọ́jọ́ tí mọ́tò dára á mọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá dún. Bí wọ́n bá lu abẹ́ táǹkì díẹ̀ tí pọ́ǹpù sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pọ́ǹpù náà ti ń lọ sópin. Epo tó yí pọ́ǹpù ká ló ń mú un tutù. Awakọ̀ tí táǹkì rẹ̀ kì í kọjá iná pupa láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ń se pọ́ǹpù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù lè dákẹ́ láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀. Àwọn Honda Civic àti Accord tí wọ́n ṣe láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ àárín 1990 ní rìléè àgbà kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, òun ló ń fún pọ́ǹpù epo níná. Òjé tí wọ́n fi jó àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ máa ń sán bó bá ti dàgbà, ojú sì lè má rí sísán náà. Bí wọ́n bá gbé mọ́tò síta nínú oòrùn tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì rẹ̀, inú rẹ̀ á gbóná, irin á wú, ibi tó sán á yà. Ẹ́ńjìnnì á máa yí, kò ní gbà. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tutù, òjé á fara kan ara padà, mọ́tò á jí. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n ti yọ sọnù nítorí rìléè yìí, nígbà tó jẹ́ pé kí wọ́n tún òjé rẹ̀ jó ti tó.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí dé ilé ẹjọ́ rí ní Amẹ́ríkà. Láàárín 1983 sí 1995, Ford ṣe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọkọ̀ tí ẹ̀rọ tó ń darí iná pọ́lọ́ọ̀gì wọn, TFI, wà lára distributor, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti ń mú un gidi. Àwọn tó ni ọkọ̀ ní tó bá ti gbóná jù, mọ́tò á kú lójú títì tàbí kó kọ̀ láti jí. Bó bá tutù, á tún ṣiṣẹ́. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ ṣèwádìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì pa fáìlì dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, adájọ́ Michael Ballachey ní California pàṣẹ kí Ford pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà fún àtúnṣe ní ìpínlẹ̀ náà. Ford kò gbà pé ohun tí wọ́n ṣe ní àbùkù. Ní 2001, wọ́n yanjú ẹjọ́ náà pẹ̀lú àwọn tó pè wọ́n lẹ́jọ́.

Nínú ọkọ̀ òde òní, ẹni tí ooru máa ń dà láàmú bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ crankshaft, tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ lè yà nígbà tó bá gbóná. Bí ìròyìn rẹ̀ kò bá dé, brain box á rò pé ẹ́ńjìnnì kò yí, kò sì ní ju iná sí pọ́lọ́ọ̀gì. Ìwà rẹ̀ ṣe é dá mọ̀: mọ́tò jí láàárọ̀, ó rìn jìnnà, wọ́n pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kọ̀, lẹ́yìn ìdajì wákàtí ó gbà. Bó bá sì jẹ́ pé iná kékeré tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mọ́tò kò dá kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀. Kí wọ́n fi èkejì gbìyànjú kí wọ́n tó tú nǹkan kan.

Ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè rí

Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ kékeré ní ojú ihò kan náà tí wọ́n lè ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọ Nàìjíríà ní in, ẹ̀rọ náà sì wúlò. Bó bá gbé P0335 jáde, ọ̀rọ̀ ti kan sẹ́ńsọ̀ crankshaft tàbí wáyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í rí orí bátìrì tí kò dì, kì í sì í rí bàbà inú solenoid. Nítorí náà, "kọ̀ǹpútà ò gbé nǹkan kan jáde" kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan ò ṣe mọ́tò.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ kan ń gbàgbé ni pé ẹ̀rọ náà lè fi ìṣirò hàn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mọ́tò bá kọ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí, kí wọ́n wo ibi tó ń ka RPM. Bó bá dúró sí 0 bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ìròyìn sẹ́ńsọ̀ kò dé.

Lọ́jọ́ tó bá kọ̀

Kí ẹni tó ni mọ́tò má tètè bínú kúrò nídìí rẹ̀. Kí ó gbé fóònù, kí ó gba ohùn tó ń jáde bó ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí ó sì ya àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí ó kọ aago tó kọ̀ sílẹ̀, bí ó ti pẹ́ tó tí mọ́tò ti wà ní pípa, bóyá ẹ́ńjìnnì gbóná tàbí ó tutù, bóyá òjò rọ̀, ibi tí epo dé nínú táǹkì, àti ohun tó ṣe kó tó jí. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó máa ń fi ohun tó jọ ara wọn hàn: gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án, tàbí gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba inú ẹrọ̀fọ̀.

Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kó ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má fi sukurudíráfà já iná sítátà nígbà tí jíà bá wà nínú. Mọ́tò á fò síwájú, á tẹ ẹni tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n má da epo bẹntiróòlù sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Kí wọ́n má yí kọ́kọ́rọ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kí sítátà lè sinmi. Bí wọ́n bá fẹ́ yá iná lára bátìrì ẹlòmíràn, wáyà dúdú tó kẹ́yìn, irin ara ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n fi gbá mú, níbi tó jìnnà sí bátìrì tó rẹ̀, torí gáàsì hydrogen tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná.

Nínú ọgbà, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni láti mú kí mọ́tò kọ̀ níṣojú rẹ̀. Á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, á pa á, á dúró. Á máa mi wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Á fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí sẹ́ńsọ̀ tó fura sí, á tún wọ́n omi díẹ̀ sí i nígbà mìíràn. Bí mọ́tò bá ṣì ṣagídí, ọgbọ́n kan wà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan: kí ó so gílóòbù fọ́ótì 12 kékeré mọ́ wáyà tó ń gbé àṣẹ lọ sí solenoid, kí ó fi wáyà gígùn fà á wọ inú mọ́tò síwájú awakọ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó ni ín máa gbé e lọ. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀, bí gílóòbù bá tàn nígbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, àṣẹ dé. Sítátà tàbí wáyà ńlá ló yẹ kí wọ́n tú. Bí kò bá tàn, kọ́kọ́rọ́, rìléè àti súìṣì jíà ni kí wọ́n dojú kọ. Wọ́n lè so irú rẹ̀ mọ́ wáyà pọ́ǹpù epo pẹ̀lú.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n dá ipò tí mọ́tò ti máa ń kọ̀ padà kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ooru ni, kí wọ́n gbé e rìn títí yóò fi gbóná, kí wọ́n pa á fún ogún ìṣẹ́jú lábẹ́ oòrùn, kí wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bó bá jẹ́ wáyà ni, kí rewáyà tún fi mítà wọ̀n ọ́n níṣojú ẹni tó ni mọ́tò, kí ìwọ̀n tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ wà lórí ìwé kan náà. Kí ẹni tó ni mọ́tò gba ohun tí wọ́n yọ padà, kí ó sì jẹ́ kí gílóòbù náà wà níbi tó wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i.